Géèjì Tó Ń Sọ Òdìkejì

Mo ra Mọ́ríìsì kan lọ́wọ́ opó kan ní Gateshead,
ọkọ̀ tó jù mí lọ́jọ́ orí.
Ìpẹtà ti jẹ ìdí táńkì rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ àjà.
Mo tú u dànù, mo fi táńkì ọkọ̀ Jámánì rọ́pò,
tòun ti fúlótà inú rẹ̀.
Ó wọlé ṣinṣin. Mo ní iṣẹ́ ti parí.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde,
òjò ń ṣe wẹliwẹli, irú èyí tí kì í rọ̀ tán tí kì í sì í dá,
abẹ́rẹ́ géèjì nà sí kíkún gbọnrangandan.
Mo ń yin ara mi.
Àárín afárá odò Tyne ni ẹ́ńjìnnì ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó dákẹ́.
Bọ́ọ̀sì mẹ́ta tò sẹ́yìn mi. Dírẹ́bà tó ṣíwájú,
ibi iṣẹ́ kan náà la jọ wà, ó dá mi mọ̀,
ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Mo wo géèjì. Ó ṣì ní a kún.
Wọ́n ní àgbá òfìfo ní í pariwo.
Tèmi ò pariwo. Tèmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lálẹ́, Ìbídùn ọmọ mi gbé mítà rẹ̀ dé gáréèjì,
ó fi ẹnu pupa kan wáyà, ó fi ẹnu dúdú kan irin.
"Bàámi, ẹ gbé fúlótà sókè." Ọgọ́sàn-án.
"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Mẹ́wàá.
Ó yíjú sí géèjì: létí tirẹ̀,
òjìlénígba ni òfìfo, ọgbọ̀n ni kíkún.
Ọgbọ̀n o, kì í ṣe ọgbọ́n. Ọgbọ́n là ń wá.
"Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì," ó ń nu ọwọ́,
"ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kọ́ òǹkà."

Mo jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì. N kò lè dìde.

Nítorí Tẹ́rẹ́nsì, ará ilé kejì:
mo kí i lórí fẹ́ǹsì ní oṣù kejì, mo ní ṣé dáadáa ni.
Ó ní, "Kò burú."
Mo wọlé, mo lọ jẹun.
Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ dúdú gbọọrọ wá gbé Ṣílà ìyàwó rẹ̀ kọjá.
Èmi náà ńkọ́? Ọdún tí ìyá mi kú ní Ìpetumodù,
tí n kò rówó bàlúù,
Tẹ́rẹ́nsì bi mí léèrè, mo ní a dúpẹ́.
Ó gbọ́ ọ, ó kà á sí kíkún,
ó ń bá òdòdó rẹ̀ lọ.

A rí fúlótà àlòkù kan níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀,
pọ́n-ùn mẹ́jọ, a ná an dé mẹ́fà.
Òǹkà rẹ̀ bá géèjì mu, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá ihò táńkì mu.
Tẹ́rẹ́nsì ló gé páànù róbótó tó so wọ́n pọ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi jó irin ọkọ̀ ojú omi,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì gé e gún.

A ń da epo sí i ní jálá kọ̀ọ̀kan,
Ìbídùn ń ka mítà, abẹ́rẹ́ ń gun òkè bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn.
Ìdajì rẹ̀ kò pé ìdajì.
A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ti mọ̀ ọ́n.

Ìbídùn lọ sùn. Mo ní, "Tẹ́rẹ́nsì, ṣé dáadáa ni?"
"Kò burú."
Mo ní mélòó ni kò burú tòní.
Ó wo ilẹ̀ pẹ́. Ó wo géèjì.
Ó ní, "Bí igba."
Mo gbé omi tíì kaná.